Ọrọ̀ Ajé Ń Ga, Ìkòkò Ọbẹ̀ Ń Gbẹ

Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, NBS, àjọ tó ń ṣètò ìṣirò fún Nàìjíríà, tún ọrọ̀ ajé wa ṣírò, ìyẹn àpapọ̀ iye owó ọjà àti iṣẹ́ tí à ń pèsè lọ́dún kan. Ó lé ní bílíọ̀nù 500 dọ́là, wọ́n ní a ti gba ipò kìíní nílẹ̀ Áfíríkà lọ́wọ́ South Africa. Inú àwọn aláṣẹ dùn. Nígbà tó di 2022, àjọ yìí kan náà ka àwọn tí ìṣẹ́ ń bá fínra. Wọ́n wo ìlera, ẹ̀kọ́, iṣẹ́, omi, títí dé ohun tí wọ́n fi ń dáná: mílíọ̀nù 133 èèyàn, ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún wa.

Òótọ́ ni méjèèjì. Ẹ wo aránṣọ àdúgbò yín. Kó tó jókòó ti ẹ̀rọ láàárọ̀, ó ti gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sílé epo. Owó epo jẹnẹrétọ̀ yẹn wọ inú ìṣirò. Owó ẹni tó bá a tún un ṣe wọ̀ ọ́. Omi inú ọ̀rá tó ń rà torí pé ẹ̀rọ omi ìjọba ti gbẹ, òun náà wọ̀ ọ́. Ohun tó yẹ kí ìjọba pèsè, tí obìnrin yìí ń fi owó ara rẹ̀ gbọ́, ìdàgbàsókè ni ìwé ń pè é! Èéfín tó ń fà símú ńkọ́? Wọn ò kọ ìyẹn síbì kankan.

Simon Kuznets, tó ṣe irú ìṣirò yìí fún Amẹ́ríkà, ti kìlọ̀ fún àwọn aṣòfin wọn ní 1934 pé ó ṣòro láti fi owó tó ń wọlé fún orílẹ̀-èdè mọ bí ará ibẹ̀ ṣe wà sí.

Ọrọ̀ ajé wa tún fi ohun tó lé ní ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ga ní 2024. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà, ní Baṣọ̀run, n'Ìbàdàn, èrò ti kún ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ kan kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, torí ẹ̀bùn ọdún tí wọ́n ṣèlérí fáwọn ọmọdé. Ọmọ 35 ló kú sínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ọjọ́ náà. Ọmọ wa ni wọ́n.

A ò ní kí ọrọ̀ ajé má dàgbà o; níbẹ̀ la ti máa rówó gbẹ́ omi. Ohun tí à ń béèrè ni pé kí ìjọba àpapọ̀ máa ka àwọn tí ìṣẹ́ ń bá jà lọ́dọọdún, kí wọ́n gbé iye náà síwájú àwọn aṣòfin lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ìwé ìṣúná wá, kí wọ́n sì sọ iye èèyàn tí owó náà máa yọ kúrò nínú ìṣẹ́. Káwọn gómìnà náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó tún kéde pé ọrọ̀ ajé ti ga, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ iye wákàtí tí iná fi wà ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ yẹn lánàá.