Ta Ló Pè Mí Lóru Yẹn?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ n sọ èyí kó kúrò lọ́kàn mi. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń wo fíìmù tó ń dẹ́rù bani. Ìyá mi ní nǹkan kan ló ń ṣe mí. Ọkọ mi ò tún bá mi jiyàn mọ́. Tó bá ti rí i pé mo pa iná pálọ̀, á gbé fóònù rẹ̀, á gba yàrá lọ. Àwọn kan ní ìjọ wa tiẹ̀ ti pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan gbà mí nímọ̀ràn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ṣì ń wò ó.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń ṣe báyìí, nílé àti lókè òkun, kì í bà mí lẹ́rù mọ́, mo sì rò pé mo mọ ìdí rẹ̀. Wọn ò ní èèwọ̀. Kí iwin kan tó lè bà mí lẹ́rù, mo gbọ́dọ̀ mọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe, kí n sì mọ ohun tí èmi náà kò gbọ́dọ̀ ṣe. Bó bá lè wọlé nígbà tó wù ú, kó pa ẹni tó wù ú, tí wọ́n bá pa òun náà kó tún dìde, kí ni mo wá jókòó tì? Ká kàn gbé ojú burúkú kan yọ lójijì pẹ̀lú ariwo, ìyẹn ò le. Àyà mi á já, màá sì rẹ́rìn-ín. Ewúrẹ́ tó sáré gba ẹ̀yìn mi kọjá lè já mi láyà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní kékeré n'Íbàdàn, ilé kan ṣoṣo ló ní fídíò ládùúgbò wa, a ó sì fún mọ́ra wa nílẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà. Fádèyí Olóró, Ojo Arowosafe lórúkọ rẹ̀ gan-an, á kàn yọ ni, ilé á pa rọ́rọ́. Kò sí kọ̀ǹpútà tó ń fi iná sí i lójú. Ohùn ni. Ọfọ̀ ni. Ọfọ̀ sì rèé, òfin ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: wọ́n á dárúkọ ewé, inú orúkọ ewé náà ni iṣẹ́ tí wọ́n rán an wà. Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó jókòó sílẹ̀ lè máà mọ ewé kankan, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹni tó bá ṣi gbólóhùn kan sọ níbẹ̀ ti gbé. Lóde òní, babaláwo méjì á dojú kọra, iná pupa á jáde lójú ọ̀kan, iná búlúù á jáde lọ́wọ́ èkejì, bí àwọn ọmọ tó ń fi tọ́ọ̀ṣì ṣeré. Nígbà tó bá wá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, pásítọ̀ á wọlé, á pariwo lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo rẹ̀ á tán. Onígbàgbọ́ ni mí o, kẹ́nikẹ́ni má bá mi jà. Ẹni tó kọ ìtàn náà ni mo ń bá wí, nítorí ṣe ló sá fún ìtàn rẹ̀.

Nígbà tí Living in Bondage jáde ní 1992, èdè Ìgbò ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ Ìgbò lágboolé wa. Ó yé wa síbẹ̀. Andy fẹ́ lówó, ẹgbẹ́ òkùnkùn sì ní kó mú ìyàwó tó fẹ́ràn wá, ló bá fa Merit kalẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé wọn ò ní kó mú ẹni tó bá rí. Ìfẹ́ ni wọ́n fi sí ẹnu ọ̀nà owó yẹn. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi ń wo bàbá mi tìfura-tìfura nígbàkígbà tó bá sọ pé èmi ni ààyò òun.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń gbèjà The Figurine tí Kunle Afolayan ṣe ní 2009. Ère Araromire ń fúnni ní ọdún méje oríire, ọdún méje òṣì ló sì tẹ̀ lé e. Ó tán. Kò sí ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn lára ògiri, ṣùgbọ́n bí ọdún keje ṣe ń sún mọ́lé ni mo ń ka oṣù lọ́wọ́. Nínú Juju Stories ti 2021 náà, apá tí Abba Makama ṣe dá lórí owó tí ẹnì kan ṣà nílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, tí ẹni náà fi di iṣu. Ta ni ìyá rẹ̀ ò ti kìlọ̀ owó ilẹ̀ fún rí? Ìran mìíràn lè rò pé àwàdà ni. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Títí di òní, bí mo bá rí igba náírà nílẹ̀, ẹsẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ fi wò ó.

Ẹ jẹ́ n wá bá ààyò tèmi náà wí. Supernatural ni mo fẹ́ràn jù nínú eré tẹlifíṣọ̀n òyìnbó. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, ó parí ní 2020, sáà 15, ìpín 327, mo sì wo gbogbo rẹ̀, tó fi mọ́ àwọn tí mo rà lórí ayédèrú dísìkì tí ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í bá àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ mu. Sam àti Dean, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ń fi ọkọ̀ dúdú kan wọ́ Amẹ́ríkà kiri, wọ́n ń lé òkú àti ẹ̀mí èṣù. Ìlànà wọn ló wù mí: kí wọ́n wọ́n iyọ̀ sẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n mú irin dání, kí wọ́n hú egungun òkú kí wọ́n sun ún. Iyọ̀ yẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ṣá. Iyọ̀ tí a fi ń ṣàdúrà fọ́mọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ni iwin òyìnbó ń sá fún! Sáà márùn-ún àkọ́kọ́, nígbà tí Eric Kripke ṣì ń darí rẹ̀, kò lẹ́gbẹ́. Lẹ́yìn náà ni ikú di ibùdókọ̀. Dean á kú, á padà. Sam á kú, á padà. Nígbà tó yá, bí wọ́n bá ti gún ọ̀kan lọ́bẹ, màá dìde lọ ro ọbẹ̀ mi lórí iná.

Ẹ fi wé àkúdàáyà tiwa. Ẹni tí wọ́n sin n'Íbàdàn lè wà ní Kánò báyìí, ó ń ta aṣọ, ó ti gbé ìyàwó, ó ti bí ọmọ mẹ́ta. Ó ń jẹun, ó ń san owó ilé. Ohun kan ṣoṣo ló lè lé e: kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ pàdé rẹ̀ lọ́jà, kó sì pe orúkọ rẹ̀. Ó pòórá nìyẹn. Ìyàwó á se oúnjẹ alẹ́ tì. Ẹ ò rí i bó ti le tó? Kò sí òǹrorò kankan nínú ìtàn yẹn. Ọmọ ìlú ẹni ni ewu, ọmọ ìlú ẹni tí inú rẹ̀ dùn láti rí ẹni. Mo ti ń retí láti kékeré pé kí wọ́n ṣe fíìmù àkúdàáyà tí ìyàwó yẹn á jẹ́ olórí rẹ̀, tí gbogbo ìkànkùn tó bá dún lẹ́nu ọ̀nà á máa já wa láyà.

Ní ti Aníkúlápó, fíìmù Saro tó ń jí òkú dìde, mo gbádùn ti 2022. Nígbà tí wọ́n ní Saro tún ti padà ní 2024, mo ti ń pòṣé, àfi bí mo ṣe rí i pé gbèsè ni wọ́n fi dá a padà: àwọn tó jí dìde gbọ́dọ̀ padà síbi tó ti mú wọn. Mo fara mọ́ ìyẹn.

Ṣùgbọ́n Sinners ti Ryan Coogler, tó jáde ní 2025, ló mú mi kọ gbogbo èyí. Ẹni tí kò bá tíì wò ó, kó fo ìsàlẹ̀ yìí. Clarksdale ní Mississippi ni, ní 1932. Ìbejì méjì, Smoke àti Stack, ṣí ilé fàájì. Michael B. Jordan ló ṣe àwọn méjèèjì. Fáńpáyà dé, ìyẹn àwọn òkú tó ń mu ẹ̀jẹ̀, wọn ò sì lè wọlé àfi bí wọ́n bá pè wọ́n wọlé. Wọ́n bí wa sínú òfin yìí ni. Bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ lóru tí o ò rí ẹni tó pè ọ́, o kò gbọ́dọ̀ jẹ́. Cornbread tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà jáde lọ tọ̀. Nígbà tó padà dé, kò wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sọ̀rọ̀ dídùn-dídùn, ó ń dúró kí wọ́n ní kó máa bọ̀. Annie, ìyàwó Smoke, ló fura. Ó kàn bi í léèrè ìdí tó fi nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un.

Wunmi Mosaku ló ṣe Annie, ọmọ wa tí wọ́n bí ní Zaria tó dàgbà ní Manchester. Bó ṣe dúró tó ń wo ọkùnrin yẹn, ìyá àgbà mi ni mo rí. Annie náà ló ṣe ońdè tí Smoke so mọ́ra. Àwọn méjèèjì ti sin ọmọ wọn kan rí, Smoke sì bi í léèrè ìdí tí iṣẹ́ rẹ̀ ò fi gba ọmọ yẹn là. Obìnrin náà ní òun ò mọ̀. Mo dá fíìmù dúró níbẹ̀. Mélòó ni babaláwo inú fíìmù wa tó ti sọ pé òun ò mọ̀ rí? Tó bá wá di ìgbà tí Grace, ìyá ọlọ́mọ, gbọ́ pé wọ́n fẹ́ kọjá sọ́dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀, tó sì fi ẹnu ara rẹ̀ ké sí wọn pé kí wọ́n máa bọ̀, mi ò lè bínú sí i. Ó mọ èèwọ̀ náà dáadáa. Ọmọ ló fà á.

Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo wò ó, ọkọ mi ò sí nílé. Bó ṣe parí báyìí ni wọ́n mú iná lọ. Ó ti lé ní aago mẹ́wàá. Mo ṣì jókòó sínú òkùnkùn nígbà tí mo gbọ́ ọ níta: "Ìyá Tòbí! Ìyá Tòbí o!" Mo di igi. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò jẹ́. Mi ò tiẹ̀ mí.

Láàárọ̀, Ìyá Súkúrà tó wà ní ẹ̀gbẹ́ wa kí mi tìkọ̀-tìkọ̀.

"Ìyá Tòbí, abọ́ yín ni mo ní kí n dá padà lálẹ́ àná. Mo bu mọ́ín-mọ́ín sínú ẹ̀."

Mo ní ẹ má bínú, oorun ló gbé mi lọ.

"Oorun kẹ̀? Mo ń rí iná fóònù yín lójú fèrèsé."

Mo béèrè mọ́ín-mọ́ín. Ó ní àwọn ọmọ ti jẹ ẹ́.