Òógùn Kọ́ Ni Ọ̀rá Tó Ń Yọ́

Ẹ dé pápá ìṣeré èyíkéyìí láàárọ̀ Sátidé, ní Ìbàdàn ni o, ní Èkó ni o, ẹ ó rí wọn: àwọn tó fi láílọ́ọ̀nù wé ikùn, tí wọ́n wọ jákẹ́ẹ̀tì òtútù lé e, tí wọ́n tún fi bẹ́líìtì rọ́bà de gbogbo rẹ̀ pa. Oòrùn ò tíì yọ, òógùn ti ń ṣàn lójú, ó ń ṣàn lẹ́yìn. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè, èsì kan náà ni: "Ọ̀rá ló ń yọ́ yẹn." Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá á wá wo ara tirẹ̀, á rí i pé òun rìn fún ogún ìṣẹ́jú, aṣọ òun ò sì tutù. Á ní òun ò tíì ṣe nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kò ní jáde mọ́.

Irọ́ ni. Òógùn kì í ṣe ọ̀rá. Omi ni, pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀.

Iṣẹ́ òógùn ò ju pé kó mú ara tutù lọ. Ara èèyàn fẹ́ wà ní nǹkan bíi 37°C. Bí iṣan bá ń ṣiṣẹ́, ooru á máa jáde níbẹ̀. Ara á tú omi sórí awọ, bí omi yẹn bá sì ṣe ń gbẹ ló ń gbé ooru lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó fẹsẹ̀ rìn láti Mọ́kọ́lá dé Dùgbẹ̀ nígbà ọyẹ́ fi lè débẹ̀ láì làágùn tó bẹ́ẹ̀, tí ẹni tó rin ọ̀nà kan náà nínú oòrùn oṣù kẹta á sì rin gbingbin. Iṣẹ́ tí iṣan àwọn méjèèjì ṣe ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó jókòó sínú dánfó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ń làágùn. Ẹni tó kojú àmàlà gbígbóná pẹ̀lú ọbẹ̀ tó ta náà ń làágùn. Ṣé ọ̀rá ló ń yọ́ lára ìyẹn? Ohun tó ń wọlé sí i lára kúkú ju ohun tó ń jáde lọ.

"Ṣùgbọ́n mo gun ìwọ̀n, mo sì ti fi kílò kan fúyẹ́." Òótọ́ ni, ẹ ti fúyẹ́. Lítà omi kan, kílò kan ni. Píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ 50cl, méjì rẹ̀ sì ni kílò kan yẹn. Ẹ mu méjì, kí ẹ tún gun ìwọ̀n, ẹ ó rí i pé "ọ̀rá" tó yọ́ ti padà wálé. Ẹ tún jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ lọ́nà mìíràn. Kílò kan ọ̀rá ara ní nǹkan bíi kálórì 7,700 nínú (kálórì ni wọ́n fi ń wọn agbára tí ara ń lò). Ẹni tó wọn 70 kílò, tó rìn kánkán fún odindi wákàtí kan, nǹkan bíi 300 ló máa lò. Báwo ni kílò ọ̀rá ṣe fẹ́ tán láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo?

Ibo wá ni ọ̀rá ń gbà lọ? Imú ni. Ní 2014, Ruben Meerman àti Andrew Brown, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Ọsirélíà, ṣe ìṣirò rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ. Nínú 10 kílò ọ̀rá tí ara bá lò tán, 8.4 kílò ló ń bá èémí jáde ní carbon dioxide, 1.6 tó kù ló ń di omi, tó lè bá ìtọ̀ lọ tàbí kó bá òógùn lọ. (Ẹ má wá jókòó máa mí helehele o. Iṣan ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lo ọ̀rá náà.) Fífi láílọ́ọ̀nù wé ikùn ò sì ní kí ara mú ọ̀rá ikùn kó tó mú ti ibòmíràn. Ibi tó bá wu ara ló ti ń mú un.

Ká ní láílọ́ọ̀nù yìí kàn jẹ́ àṣedànù, mi ò bá dákẹ́. Ó léwu ni. Òógùn ò ráyè gbẹ lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà ara ò tutù. Ara á tún tú omi sí i, ooru á sì máa ga sí i. Lópin ọdún 1997, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́ta tó ń ja ìjàkadì kú tẹ̀léra wọn ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń fi ooru àti aṣọ rọ́bà lé omi jáde lára kí ìwọ̀n wọn lè wálẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì níbẹ̀ fòfin de aṣọ rọ́bà. Ọ̀dọ́ ni wọ́n, eléré ìdárayá ni wọ́n, wọ́n sì ní kóòṣì. Ìyá ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta, tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí oògùn ọ̀hún sì ń mú un tọ̀ léraléra, ni wọ́n wá ń de láílọ́ọ̀nù mọ́ nídìí lọ́jọ́ Sátidé: "Mọ̀mí, ẹ fara dà á, ó ń yọ́!"

Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ò nílò òógùn láti fi díwọ̀n. Ẹnu rẹ̀ tó. Bí ẹ bá ń rìn, tí ẹ lè bá ẹni tí ẹ jọ ń rìn sọ̀rọ̀, àmọ́ tí ẹ ò lè kọrin, ó ti tó gẹ́lẹ́. Bí orin bá ṣì ń dùn lẹ́nu yín, ẹ yára díẹ̀. Bí ẹ ò bá lè sọ ju ọ̀rọ̀ méjì-mẹ́ta kí ẹ tó gba èémí, ẹ rọra. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà ṣe irú èyí fún 150 sí 300 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, kó sì tún ṣe ohun tó ń fún iṣan lágbára lẹ́ẹ̀mejì. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ní èyí tí kò bá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà ò sí nínú ìṣirò. Ní 2020, wọ́n yọ ìyẹn kúrò. Ìṣẹ́jú mẹ́fà láti ibùdókọ̀ dé ilé ti wọ̀ ọ́. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ẹ gùn níbi iṣẹ́ wọ̀ ọ́.

Ti ọpọlọ ni wọ́n tún wá sọ di ìjà. Wọ́n á ní ìrìn lè ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́, àmọ́ kí orí tó jí, àfi kéèyàn sáré títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Ní 2011, Kirk Erickson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé èsì ìwádìí kan jáde lórí 120 àgbàlagbà tí kì í ṣe eré ìdárayá tẹ́lẹ̀. Ìdajì wọn ń rìn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ìdajì yòókù kàn ń na ara. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré làwọn tó ń rìn fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń fi márùn-ún kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ó fi di ogójì. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tó pé ọdún kan, hippocampus, ibi tí ọpọlọ fi ń tọ́jú ohun tuntun sí ìrántí, ti fi nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún tóbi sí i lára wọn. Lára àwọn yòókù, ńṣe ló ń sún kì.

Èyí tó tún wù mí jù ni ti Joe Verghese àti ẹgbẹ́ rẹ̀, ní 2003. Wọ́n tẹ̀ lé 469 arúgbó tó ti lé ní ẹni ọdún 75 ní New York fún ọdún púpọ̀. Nínú gbogbo eré ìdárayá tí wọ́n yẹ̀ wò, ijó nìkan ni wọ́n rí pé àwọn tó ń ṣe é kì í fi bẹ́ẹ̀ ní àrùn ìgbàgbé. Ìwé kíkà, ohun èlò orin àti eré orí ọpọ́n náà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní tan yín: ó lè jẹ́ pé ẹni tí iyè rẹ̀ ti ń rá ló kọ́kọ́ fi ijó sílẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti jó sí dùndún rí mọ̀ pé ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Etí ń gbọ́ ohun tí ìyáàlù ń wí, ẹsẹ̀ ń dáhùn, kó sì tó dáhùn tán, onílù ti yí i padà. Ayò ọlọ́pọ́n náà ńkọ́? Ihò 12, ọmọ 48, èèyàn á sì máa fi orí ka ti ẹnìkejì láì fọwọ́ kàn án.

Nítorí náà, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń ta ayò tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ilé yín. Ẹ rìn lọ, ẹ ta ọpọ́n kan tàbí méjì, ẹ rìn padà. Bí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀márùn-ún lọ́sẹ̀, 100 ti wọlé nínú 150 yẹn. Àádọ́ta tó kù, òde àríyá Sátidé á mú un pé, bí ẹ ò bá jókòó ti ìrẹsì.