Ẹni tó ń ṣọ́ Ọ̀ṣun, ẹ fún un láṣẹ

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí tí odò Ọ̀ṣun ti pọ́n. Kì í ṣe pípọ́n àgbàrá, tí òjò ńlá máa ń fà kí omi tó tòrò padà. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó pọ́n. Òjò dé, ó tún pọ́n sí i. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, nígbà tí èrò ń rọ́ lọ sí Òṣogbo fún ọdún Ọ̀ṣun, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má mu omi odò. Omi tí àwọn ìyá wa ń bù fún àgàn, tí wọ́n ń bù wẹ ọmọ tuntun, tí àwọn ará Bùràsíl àti Kúbà ń wọ bàálù wá fojú kàn nítorí pé orúkọ Ọ̀ṣun kò kúrò lẹ́nu wọn láti ayé òwò ẹrú, òun ni wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fi kan ẹnu.

Ìkìlọ̀ yẹn tọ́, ṣùgbọ́n àwọn kan ti ń ké ṣáájú. Urban Alert, ẹgbẹ́ kan tó fi Òṣogbo ṣe ibùjókòó, bu omi odò náà lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n sì rí àwọn májèlé bíi mákíúrì, òjé àti sáyánáìdì tó ju ohun tó yẹ kó wà nínú omi mímu lọ. Àwọn olórìṣà ké, àwọn ayàwòrán àti agbẹ́gilére ké. Ariwo nìkan ló wà ní ìkáwọ́ wọn. Ìwé ìròyìn yìí gbà pé àsìkò ti tó kí òfin fún irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ láṣẹ: kí wọ́n lè wọ ibi ìwakùsà wúrà tó ń da odò náà rú, kí wọ́n bu omi níbẹ̀, kí wọ́n sì ní ìjókòó níbi tí wọ́n ti ń pinnu ẹni tí yóò gbẹ́lẹ̀.

Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005 jẹ́ hẹ́kítà 75 péré. Odò kò ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Orí òkè Èkìtì, lágbègbè Ìgèdè, ni Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀ wá, àwọn odò kéékèèké láti àárín òkè àti igbó ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà sì ń dà sínú rẹ̀ bó ti ń lọ. Àárín ibẹ̀ náà ni wúrà wà. Láti ayé òyìnbó amúnisìn ni wọ́n ti ń wa wúrà lágbègbè Iléṣà, àmọ́ bí owó wúrà ti ń gun òkè lọ́jà àgbáyé ni àwọn tó ń gbẹ́ etí odò láìgbàṣẹ ń pọ̀ sí i. Bí a bá fi ọgbà yí igbó Òṣogbo ká, tí a fi ẹ̀ṣọ́ ọgọ́rùn-ún sí ẹnubodè rẹ̀, ohun tí wọ́n da sínú omi lókè yóò ṣì gba àárín igbó náà kọjá.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí. Wọ́n á wú etí odò, wọ́n á fi omi fọ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀, ẹrẹ̀ á sì ṣàn padà sínú odò. Ẹrẹ̀ yẹn ló ń pọ́n omi, tó ń bo ibi tí ẹja ń yé sí mọ́lẹ̀. Èyí tí ojú ń rí ni. Èyí tí ojú kò rí ni mákíúrì. Awakùsà á dà á sínú iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ti fọ̀, mákíúrì á gbá àwọn hóró wúrà wẹ́wẹ́ mọ́ra, wọ́n á wá fi iná yan án kí mákíúrì gbẹ kó ku wúrà. Èéfín rẹ̀ wọnú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ń yan án. Ìyókù bá omi lọ. Mákíúrì kì í jẹrà. Ìdí odò ló máa ń sùn sí, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí á sọ ọ́ di oríṣi tó burú jù, á wọ inú ẹja, ẹja á wọ inú aboyún, á sì dé ọpọlọ ọmọ tí kò tíì rí ayé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Minamata nílẹ̀ Jàpáàn nìyẹn, níbi tí àrùn tí mákíúrì fà ti hàn síta ní 1956. Orúkọ ìlú náà ni wọ́n fi pe àdéhùn àgbáyé lórí mákíúrì, Nàìjíríà sì fọwọ́ sí i ní 2013, kó tó fàṣẹ sí i ní 2018. Ti òjé kò jìnnà sí wa rárá. Ní Zamfara ní 2010, iyẹ̀pẹ̀ wúrà tó ní òjé nínú, tí wọ́n ń lọ̀ nínú agboolé, pa àwọn ọmọdé tó lé ní 400.

Ará Ìbàdàn tó bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn olórìṣà Òṣogbo ni gbogbo èyí, kó rántí ibi tí omi ẹ̀rọ ti ń wá. Odò Ọ̀ṣun yìí kan náà ni wọ́n sé ní Aṣejirẹ.

Ó ti di àṣà láti di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn àlejò tó ń gbẹ́lẹ̀. Àlejò kì í dá mọ ibi tí wúrà wà lábẹ́ kòkó baba onílé. Ẹnìkan ló mú un débẹ̀, ẹnìkan ló gbowó ilẹ̀, ẹnìkan ló ń ra wúrà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó wà nínú kòtò ló ń gba ìpín tó kéré jù, òun náà ló sì ń fa èéfín símú. Ọ̀nà wà tí a ń gbà ya wúrà láìlo mákíúrì. Kí ìjọba kọ́ àwọn tó gbàṣẹ ní ọ̀nà náà.

Ìdí tí a fi ní ìgbàgbọ́ nínú àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣọ́ odò ni pé irú wọn ló gba igbó Ọ̀ṣun là. Ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1960, igbó náà ti ń lọ. Àwọn kan ń gbin igi tíìkì síbẹ̀, àwọn kan ń dọdẹ, àwọn kan ń pẹja, àwọn mìíràn sì ti ń wọn ilẹ̀ fún títà. Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Austria tí a mọ̀ sí Adùnní Olórìṣà, àwọn àwòrò àti àwọn oníṣọ̀nà ìlú ló dúró síwájú igi. Wọ́n mọ ère sí ibi tí onílẹ̀ fẹ́ ta, ère náà sì di ẹ̀rí pé ilẹ̀ yìí ní olúwa. Ní 1965 ni ìjọba tó sọ apá kan igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ènìyàn ló kọ́kọ́ ṣọ́ ọ, òfin ló wá tì wọ́n lẹ́yìn.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílẹ̀ Albania. Odò Vjosa ti orí òkè Pindus nílẹ̀ Gíríìsì wá, ó sì ń ṣàn lọ sínú òkun. Ìjọba fẹ́ sé e káàkiri láti fi ṣe iná mànàmáná. EcoAlbania, ẹgbẹ́ kan tó ń dáàbò bo àyíká níbẹ̀, àti àwọn alájọṣe rẹ̀ kó àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ síbẹ̀ láti ka ohun abẹ̀mí inú omi náà. Ní 2017, àwọn ẹgbẹ́ àti ará abúlé jàre ní kóòtù lórí ìsédò tí wọ́n fẹ́ kọ́ ní Poçem. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, ìjọba kan náà sọ odò náà di ọgbà orílẹ̀-èdè. Ohun tó gbà wọ́n ni pé ẹnu wọn wọlé ní kóòtù, ìwé àyẹ̀wò wọn sì lágbára.

Lọ́dọ̀ tiwa, ìwé òfin ọdún 1999 fi ọ̀rọ̀ kùsà sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Àkọsílẹ̀ ìwé àṣẹ wà ní Àbújá. Olórí abúlé tó rí katapílà lóko rẹ̀ kò mọ̀ bóyá olè ni tàbí ẹni tó gbàṣẹ. Òfin ìwakùsà ọdún 2007 sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí ohun àlùmọ́nì àti àyíká. Ibẹ̀ ni a fẹ́ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Kí ìgbìmọ̀ ti Ọ̀ṣun àti ti Èkìtì fi ìjókòó sílẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣọ́ odò, fún àwòrò Ọ̀ṣun, fún àwọn obìnrin tó ń fi omi náà ṣe iṣẹ́ oòjọ́. Kí orúkọ gbogbo ẹni tó ní ìwé àṣẹ wà lára ògiri ìjọba ìbílẹ̀ àti ààfin, pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n fún un. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbàṣẹ láti gbẹ́ bèbè odò tó ń dà sínú Ọ̀ṣun.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, àyẹ̀wò sì ni ojú àwọn tó ń ṣọ́ odò. Lóṣooṣù ni ó yẹ kí wọ́n bu omi Ọ̀ṣun ní orí òkè, ní Òṣogbo àti ní Aṣejirẹ, níṣojú àwọn ẹgbẹ́ yìí, kí yàrá àyẹ̀wò tí kò sí lábẹ́ ìjọba tàbí iléeṣẹ́ awakùsà kankan sì yẹ̀ ẹ́ wò. Kí wọ́n ka àbájáde rẹ̀ lórí rédíò ní èdè Yorùbá. Kí Arugbá tó tún gbé igbá dé etí odò lóṣù kẹjọ, a fẹ́ gbọ́ àkọ́kọ́.