Ẹni tó bá ń ṣe ṣokoléètì nílé, kó gbàgbé fíríìjì ná

Gbogbo fídíò tí mo ń rí nípa ṣíṣe ṣokoléètì nílé, ibì kan náà ni wọ́n ń já sí: wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á dà á sínú àwo, ó di inú fíríìjì. Ó parí. Èmi ò gbà. Ibi tí wọ́n ń fò kọjá yẹn gan-an niṣẹ́ wà.

Èmi náà ti sáré bẹ́ẹ̀ rí. Mo yan kóró kòkó fúnra mi, mo fọ́ ọ, mo fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù (mo ṣì ń gbá èèpo yẹn jáde lábẹ́ tábìlì títí dòní), mo wá lọ̀ ọ́ títí apá mi fi fẹ́ẹ̀ já. Lílọ̀ yẹn dùn ún wò o! Kóró gbígbẹ á kọ́kọ́ di ìyẹ̀fun, á wá máa lẹ̀, nígbà tó bá yá, láì bu omi kankan sí i, á máa ṣàn. Ọ̀rá ló kó nǹkan bí ìdajì kóró náà, ooru lílọ̀ ló ń yọ́ ọ. Mo da ṣúgà sí i, mo gbé e sí fíríìjì, mo lọ sùn. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ti funfun kálẹ̀ bí ẹsẹ̀ tí kò rí ìpara. Mo ṣẹ́ ẹ, kò dún. Ṣe ló ń yọ́ sí mi lọ́wọ́.

Kò bàjẹ́, ó ṣeé jẹ. Ọ̀nà mẹ́fà ni ọ̀rá kòkó lè gbà dì, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló ń dán, tó ń dún pà bí a bá ṣẹ́ ẹ, tó sì ń dúró de ẹnu kó tó yọ́. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún ara rẹ̀, èyí tó bá wù ú ló máa mú. Kó lè mú èyí tó ń dán yẹn, ẹ yọ́ ọ dé nǹkan bí 45 lórí ìwọ̀n Celsius kí gbogbo rẹ̀ lè tú, ẹ máa rò ó títí á fi tutù dé 27 tàbí 28, kí ẹ tún rọra gbé e padà sí 31 tàbí 32. Tó bá ti kọjá 34, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí. Tẹmómítà kékeré wúlò ju bílẹ́ńdà olówó ńlá lọ níbí.

Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ omi. Ṣíbí tí a ò nù gbẹ, ìdérí ìkòkò tó làágùn, ó ti tó. Ṣúgà á fa omi náà mọ́ra, ohun tó ń ṣàn bí oyin á ki gbagidi lójú ẹsẹ̀.

Ní ti pé ṣokoléètì tí a fọwọ́ lọ̀ nílé máa ń ha ahọ́n, ìyẹn ò dùn mí rárá. Kó tó di 1879 tí Rodolphe Lindt ṣe ẹ̀rọ tó ń po ṣokoléètì fún ọ̀pọ̀ wákàtí ní Switzerland, èyí tó ń ha ahọ́n náà ni ayé ń jẹ, wọ́n sì ń pọ́n ọn lá.

Èyí tí mo ṣe kẹ́yìn ń ha díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣẹ́ ẹ, ó dún pà, ẹni tó wà ní yàrá kejì béèrè pé kí ló kán. Mi ò dáhùn, ẹnu mi ti kún.