Ẹ Dán Kóńgò Wò Kí Ẹ Tó Fi Wọn Afẹ́fẹ́ Òṣogbo

Láàárọ̀ ọyẹ́, bí oòrùn bá gba ojú ihò ìṣó lára páànù wọ ìsọ̀ kan lọ́jà Ìgbọ̀nà, ẹ ó rí eruku tó ń jó nínú ìtànṣán náà. Ẹ sún kúrò díẹ̀, ojú ò rí i mọ́, imú sì ń fà á lọ.

Ọgbọ́n yìí náà ló wà nínú ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n fi ń wọn eruku inú afẹ́fẹ́, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ. Fáànù rẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, iná léṣà ń tàn sí i, eruku tó ń kọjá á fọ́n ìmọ́lẹ̀ náà ká, ẹ̀rọ á sì fi bó ṣe fọ́n ṣírò iye eruku àti bó ti tóbi tó. Èyí tí kò ju máíkírónù 2.5 lọ (máíkírónù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà) la ń bẹ̀rù, torí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ló ń wọ̀ lọ. Lọ́dún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò yẹ kó ju máíkírógíráàmù 5 lọ nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan, bí a bá pín in kárí ọdún.

A fẹ́ kí ìjọba gbé ẹ̀rọ yìí kọ́ sí oríta Ọláìyá, sí Ìgbọ̀nà, àti sí ọgbà ilé-ìwé tó wà létí títì. Kò wọ́n. Owó ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ á ra ọ̀pọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ló ń ra ìrẹsì láì kọ́kọ́ yọjú wo ìdí kóńgò, bóyá wọ́n ti lù ú wọlé? Ẹ̀rọ yìí náà ní ìdí tirẹ̀. Nígbà òjò, bí ìkùukùu bá bo etí odò Ọ̀ṣun, eruku á mu omi, á wú, ẹ̀rọ á ní afẹ́fẹ́ ti bàjẹ́ ju bó ṣe rí lọ. Lásìkò ọyẹ́, eruku aṣálẹ̀ tó tóbi kì í hàn sí i dáadáa. Èyí tó dùn wá jù ni èéfín dísẹ́ẹ̀lì ẹ̀rọ ata: ó dúdú, ó ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì dípò kó fọ́n ọn, egunrín rẹ̀ mìíràn sì kéré ju ohun tí léṣà lè rí. Ìyá tó dúró ti ẹ̀rọ ata látàárọ̀ dalẹ́ ni wọ́n máa rẹ́ jẹ nínú ìṣirò yẹn. (Wọ́n sì lè wá fi nọ́ńbà náà sọ fún un pé ara rẹ̀ le.)

Nítorí náà, kí wọ́n kọ́kọ́ gbé díẹ̀ nínú ẹ̀rọ kékeré yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń fi asẹ́ gba eruku, tí wọ́n á gbé asẹ́ náà sórí òṣùwọ̀n. Kí wọ́n ṣe é gba inú ọyẹ́ kan àti òjò kan kọjá, kí wọ́n sì fi ìyàtọ̀ tí wọ́n bá rí tún nọ́ńbà ẹ̀rọ kékeré ṣe. UNIOSUN, yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, wà nílùú. Kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún wọn. Kí nọ́ńbà tó bá jáde wà lára pátákó lọ́jà, ní èdè Yorùbá.

Kí wọ́n má sì gbé ẹ̀rọ àkọ́kọ́ lọ sí Abẹ́rẹ́, ibi tí ọ́fíìsì ìjọba wà, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í lọ ata.