Iṣẹ́ ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ju orin lọ o
Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan kọ pé iṣẹ́ àwa tá a ń bójú tó ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ò ju ká kọrin ká gbàdúrà lọ́jọ́ Sọ́ńdè lọ yẹn dùn mí gan-an. Makoko ni mo ti ń ṣe é, apá orí omi, ọkọ̀ ojú omi la fi ń ti ilé kan bọ́ sí òmíì, Third Mainland Bridge wà lọ́ọ̀ọ́kán ṣùgbọ́n tó o bá débẹ̀ wàá rò pé Èkó jìnnà sí ẹ ni. Ègùn lọ̀pọ̀ ọmọ ń sọ nílé, àfi kí n wá ẹni tó máa bá mi gbufọ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣe JAMB ò ní NIN, bẹ́ẹ̀ láti 2021 wọn ò gbà á láìsí i, àwa náà la máa bá a lọ tò sórí ìlà títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ẹ̀gbọ́n kan tún sọ pé fóònù ló ń lé àwọn ọmọ kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má bínú sà, mi ò gbà. Ọmọbìnrin tó ti ń bá ìyá ẹ̀ yan ẹja látìdájí, ìgbà wo ló fẹ́ ráyè wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lójú ọ̀sán? Alẹ́ la sún ẹ̀kọ́ Bíbélì tiwa sí, wọ́n sì ń wá. Kí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá bá wa san owó WAEC ọmọ méjì mẹ́ta, ẹ jọ̀ọ́.