Ilé iṣẹ́ jẹ èrè, ṣùgbọ́n owó dà?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ń gbọ́ lẹ́nu gbogbo èèyàn, látorí àwọn tó ń ra share dé orí àwọn ọmọ tó ń kọ́ Accounting àti Finance ní yunifásítì, pé ilé iṣẹ́ tó bá ti kéde èrè ti lówó lọ́wọ́ nìyẹn, èyí tó bá sì kéde àdánù ti ń kú lọ. Irọ́ ni o.

Ohun tó fà á ò le rárá. Nínú ìwé ìṣirò, ọjọ́ tí ọjà bá ti dọ́wọ́ oníbàárà ni wọ́n máa kọ ọ́ pé a ti tà, wọn ò ní dúró dìgbà tó bá sanwó. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá oníráìsì kan ra àpò 50 ní ₦70,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tà á ní ₦80,000, àmọ́ àwìn ni gbogbo ẹ̀, wọ́n ní ó di oṣù tó ń bọ̀. Èrè ₦500,000 ti wọ̀wé. ₦3.5 mílíọ̀nù ti kúrò lọ́wọ́ màmá, kọ́bọ̀ ò sì tíì wọlé, tí ẹni tó yá a lówó bá wá kan ilẹ̀kùn lọ́la ńkọ́, ṣé ìwé ló máa fún un ni?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìlú ọba, ẹ ò ní tíì gbàgbé Carillion, àwọn kọngílá ńlá yẹn tí ìjọba máa ń gbé iṣẹ́ ọsibítù àti ojú ọ̀nà fún. Èrè 2016 tí wọ́n kéde, kí wọ́n tó yọ owó orí, sún mọ́ £147 mílíọ̀nù, ọ́dítọ̀ tó ń yẹ ìwé owó wò fọwọ́ sí i, wọ́n sì pín dífídẹ́ńdì, ìyẹn èrè tí wọ́n ń pín fún àwọn tó ní share. Nígbà tó di July 2017 ni wọ́n bá jáde pé àwọn máa yọ £845 mílíọ̀nù kúrò nínú ìṣirò àwọn nítorí àwọn iṣẹ́ tí owó ẹ̀ ò dájú mọ́, nígbà tó fi máa di 15 January 2018 wọ́n ti kógbá sílé, £29 mílíọ̀nù péré ló kù lọ́wọ́ wọn, gbèsè àti ojúṣe tó wà lọ́rùn wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó £7 bílíọ̀nù. Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé kò pa mọ́. Láti 2012 sí àárín 2017, dífídẹ́ńdì tí wọ́n san fi £333 mílíọ̀nù ju owó tí iṣẹ́ wọn mú wọlé lọ, ó sì wà nínú cash flow statement, ìyẹn ojú ìwé tó ń sọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde gan-an, fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ta ló wò ó?

Nílé ńkọ́? Ní 2006, àṣírí tú pé Cadbury Nigeria ti ń bu kún ìwé ìṣirò ẹ̀ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, iye ẹ̀ wà láàárín ₦13 sí ₦15 bílíọ̀nù. Ọ̀kan nínú ọgbọ́n tí wọ́n dá ni kí wọ́n ti ọjà sọ́dọ̀ àwọn distributor, àwọn alágbàtà tó ń bá wọn pín ọjà, tí ọdún bá ń parí lọ, kí títà lè pọ̀ lójú ìwé. Ọjà wà ní wíá-họ́òsì ẹni ẹlẹ́ni, èrè ti wọ̀wé, owó ò wọlé.

Ẹ wá yí i padà. MTN Nigeria kéde àdánù ₦137 bílíọ̀nù fún 2023, àwọn èèyàn ní ó ti parí fún wọn. Àmọ́ dátà tá à ń rà ò dín kù, títà wọn lé ní ₦2.4 tírílíọ̀nù lọ́dún yẹn. Náírà ló já, láti bíi 461 sí dọ́là kan dé 907, gbèsè dọ́là tó wà lọ́rùn wọn wá wú nígbà tí wọ́n ṣírò ẹ̀ sí náírà, ₦740 bílíọ̀nù lọ síbẹ̀. Mi ò sọ pé àdánù yẹn ò ní ìtumọ̀ o, wọ́n ṣì máa san gbèsè náà, wọn ò sì san dífídẹ́ńdì ìparí ọdún yẹn. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tí ọjà ẹ̀ ò tà àti èyí tí náírà gbá létí, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ rárá.

Ẹ má bínú, mo di ẹ̀bi díẹ̀ ru bí wọ́n ṣe ń kọ́ wa. Ẹ máa há ratio sórí, ìyẹn nọ́ńbà kan tí wọ́n fi pín òmíràn, ẹ pín current asset (owó àti ohun tó máa di owó láàárín ọdún kan) sí current liability (gbèsè tó yẹ kí wọ́n san láàárín ọdún kan), tó bá jẹ́ 2:1 ẹ kọ "ó dára", ẹ gba máàkì. Ti Tesco, súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá ìlú ọba, kì í tó 1, wọ́n sì ń tajà lọ ní tiwọn, torí owó ọwọ́ ni oníbàárà ń san fún wọn, àwọn tó ń kó ọjà fún wọn ló ń dúró. Ratio tí ẹ ò bá mọ irú òwò tó wà lẹ́yìn ẹ̀, nọ́ńbà lásán ni.

Annual report, ìyẹn ìwé ìṣirò ọdọọdún ilé iṣẹ́, wà lórí wẹ́ẹ̀bù NGX, ọjà share Nàìjíríà, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ṣí i, ẹ fo fọ́tò àwọn ọ̀gá alágbádá àti lẹ́tà alága, ẹ lọ wá ìlà tí wọ́n kọ net cash from operating activities (owó gidi tí òwò fúnra ẹ̀ mú wọlé) sí, kẹ́ ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èrè fún bí ọdún márùn-ún. Tí èrè bá ń gòkè tí ìlà yẹn ò kúrò lójú kan, ẹ wo trade receivables (owó ọjà tí àwọn oníbàárà ṣì jẹ), bóyá àwìn ló ń sáré ju títà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, kó mú annual report dání wá.